Ẹ̀yìn Àlejò ni a ti ń San Gbèsè: Àyẹ̀wò Ìlú Scheria nínú Odyssey ti Homer

Àṣamọ̀

Scheria, ìlú àwọn ará Phaeacia, ni ibùdó tí Odysseus gúnlẹ̀ sí kẹ́yìn kí ó tó padà sí ilé rẹ̀ nínú ewì akọni Odyssey. Àwọn lámèyítọ́ kan ka ìlú náà sí àwòkọ́ṣe ìgbàlejò. Àwọn mìíràn gbà pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ràn àjèjì. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé èrò méjèèjì kò kárí. Ohun tí ó jẹ́ kókó nínú ìtàn náà ni pé Ọba Alcinous mọ ewu tí ó wà nínú sísin àlejò náà délé, síbẹ̀ ó sìn ín. Iṣẹ́ yìí tún yẹ ìyà tí ó tẹ̀lé e wò, ó sì fi hàn pé òfin ìgbàlejò kò kú pẹ̀lú Scheria.

Ìfáàrà

Òwe Yorùbá kan sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ohun tí òwe yìí ń tọ́ka sí ni pé onílé a máa ṣe kọjá agbára rẹ̀ nítorí ẹni tí ó wọlé tọ̀ ọ́ wá, àti pé àlejò kì í sí nílé mọ́ nígbà tí olówó bá dé. Ó ṣòro láti rí ìtàn tí òwe náà bá mu tó ìtàn àwọn ará Phaeacia, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni ìtàn náà ti wá.

Odyssey jẹ́ ewì akọni tí ó ní ìwé 24 àti ìlà tí ó lé ní 12,000. Homer ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ó kéwì náà. Ó dá lórí ìrìn-àjò Odysseus, ọba Ithaca, tí ó lo ọdún 10 ní ojú ogun Troy, tí ó sì tún lo ọdún 10 mìíràn kí ó tó délé. Òpin Ìwé 5 ni ó ti dé Scheria. Ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé 13 ni ó ti kúrò níbẹ̀. Ìtàn Cyclops, ti Circe àti ti ìrìn-àjò sí ọ̀run òkú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ Odysseus, gbọ̀ngàn ààfin Scheria ni ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n. Nítorí náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ewì náà ni ó wáyé ní ìlú kan ṣoṣo yìí. Ibùdó tí ó gba ààyè tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ibi ìsinmi lásán.

Ìpìlẹ̀ Ìlú Scheria

Àwọn ará Phaeacia kì í ṣe onílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé 6 sọ pé Hypereia ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, nítòsí àwọn Cyclops, àwọn òmìrán tí wọ́n lágbára jù wọ́n lọ tí wọ́n sì ń fòòró wọn. Nausithous ni ó kó wọn kúrò níbẹ̀ wá sí Scheria, tí ó mọ odi yí ìlú ká, tí ó kọ́ ilé, tí ó sì pín oko. Ìlú àwọn tí ìyà lé kúrò nílé ni Scheria. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ó ti sá kúrò nílé rí ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ́ àìrílégbé.

Nausithous yìí, ọmọ Poseidon, òrìṣà òkun, ni. Òun ni ó bí Alcinous tí ó jẹ́ ọba nígbà tí Odysseus dé. Òrìṣà kan náà ni ó bí Polyphemus, Cyclops tí Odysseus fọ́ lójú. Bí a bá tú ìran yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ọkùnrin tí ó fọ́ ojú ìbátan wọn ni àwọn ará Phaeacia gbà sílé. Òrìṣà tí ó ń bínú sí àlejò náà ni baba ńlá olùgbàlejò rẹ̀.

Òkun ni ìlú náà ń jẹ, òkun ni ó sì ń mu. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jáde wá díje nínú Ìwé 8 fi èyí hàn: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, àjẹ̀, iwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ àti òkun. Ọkọ̀ wọn kò ní ẹni tí ń darí rẹ̀, kò sì ní ohun tí a fi ń yí i. Ó mọ èrò ọkàn ènìyàn, ó sì mọ ọ̀nà gbogbo ìlú. Ọgbà Alcinous kì í wọ́n èso, nígbà òtútù àti nígbà ooru. Ajá wúrà àti ajá fàdákà ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin. Thucydides, òpìtàn ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kírísítì, jẹ́rìí sí i pé àwọn ará erékùṣù Corcyra, tí a mọ̀ sí Corfu lónìí, máa ń yangàn pé ilẹ̀ àwọn ni àwọn ará Phaeacia gbé rí. Ṣùgbọ́n nínú ewì náà fúnra rẹ̀, Scheria jìnnà sí àwọn ènìyàn yòókù. Segal (1962) rí ìlú náà gẹ́gẹ́ bí àárín méjì, láàrin ayé abàmì tí Odysseus ti ń bọ̀ àti ayé tòótọ́ tí ó ń lọ.

Èrò Àwọn Lámèyítọ́

Kò pẹ́ tí ènìyàn yóò fi rí ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń yin Scheria. Nausicaa, ọmọbìnrin ọba, wà ní etí odò níbi tí ó ti ń fọṣọ nígbà tí ọkùnrin oníhòòhò kan jáde láti inú igbó pẹ̀lú ẹ̀ka igi tí ó fi bo ìhòòhò rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá, òun dúró. Ó fún un ní aṣọ, oúnjẹ àti ìmọ̀ràn. Ní ààfin, wọ́n fún un ní ìjókòó, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n sì ṣe ìlérí láti sìn ín délé kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Reece (1993), tí ó ṣe ìtúpalẹ̀ ìhun ìran ìgbàlejò nínú iṣẹ́ Homer, fi hàn pé irú ìran bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tí ó máa ń tẹ̀lé: àlejò dé, a gbà á, ó jẹun, lẹ́yìn náà ni a béèrè orúkọ rẹ̀, a fún un lẹ́bùn, a sì sìn ín sọ́nà.

Rose (1969) kò gbà pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ó tọ́ka sí i pé Athena fúnra rẹ̀, nígbà tí ó para dà di ọmọbìnrin tí ó ru ládugbó omi, kìlọ̀ fún Odysseus pé àwọn ará ìlú náà kì í fi ojú rere wo àjèjì. Nausicaa náà bẹ̀rù ẹnu àwọn ará ìlú. Nígbà tí Odysseus wólẹ̀ bẹ Ayaba Arete tí ó sì jókòó sínú eérú lẹ́bàá ààrò, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Níbi eré ìdíje, Euryalus fi àlejò náà ṣẹ̀sín pé kò jọ eléré ìdárayá, pé oníṣòwò orí omi tí èrè nìkan jẹ lógún ni ó jọ.

Àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tí ó ka ẹ̀sùn wọ̀nyí kì í sábà kà mọ́ wọn: kò sí ọ̀kan nínú àṣìṣe tí ó wáyé ní ojú Odysseus tí wọn kò tún ṣe. Nígbà tí gbọ̀ngàn dákẹ́, Echeneos, àgbà ìlú, sọ fún ọba pé kò bójú mu kí àlejò jókòó sínú eérú. Lójú ẹsẹ̀ ni Alcinous fa ọwọ́ Odysseus dìde, tí ó sì ní kí ọmọ tirẹ̀, Laodamas, dìde kí àlejò lè jókòó. Nígbà tí Euryalus ṣẹ̀sín, ọba pàṣẹ pé kí ó tu àlejò lójú. Ó sì fún un ní idà olówó iyebíye, ó tọrọ àforíjì. Demodocus, akéwì afọ́jú, ń kọrin ogun Troy, àlejò sì ń fi aṣọ bo orí sunkún. Ọba nìkan ni ó rí i. Lẹ́ẹ̀kíní, ó yí ètò padà sí eré ìdíje láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ojú má baà ti àlejò. Lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹkún náà pọ̀ sí i, ó dá akéwì dúró pé orin náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú.

Ìlú tí kì í ṣe àṣìṣe kọ́ ni Homer yà. Ìlú tí àgbà lè bá ọba wí nítorí àlejò, tí ọ̀dọ́ sì lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò, ni ó yà. Ibi àtúnṣe ni òfin ìgbàlejò ti hàn kedere, kì í ṣe ibi àìlẹ́bi.

Àlejò tí a kò mọ Orúkọ Rẹ̀

Yorùbá a tún máa sọ pé àlejò bí òkété ni a ń fi èkùrọ́ lọ̀. Òwe yìí fara mọ́ kí onílé wo irú ẹni tí àlejò jẹ́ kí ó tó mọ ohun tí yóò gbé síwájú rẹ̀. Ní Scheria, òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ, ẹ̀bùn àti ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin 52 tí yóò tù ú ni wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ kí àlejò tó dárúkọ. Alcinous kò béèrè orúkọ náà lọ́nà tí ó le àyàfi ní òpin Ìwé 8.

Ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gíríìkì yẹ ní àkíyèsí níhìn-ín. Xenos ni wọ́n ń pe àjèjì. Xenos náà ni wọ́n ń pe àlejò tí a gbà sílé. Títí dé ibí yìí, ó bá ọ̀rọ̀ àlejò nínú èdè Yorùbá dọ́gba, nítorí àjèjì tí a kò mọ̀ rí àti ẹni tí ó wá kí ni nílé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n xenos tún kọjá ibẹ̀: ó tún ń tọ́ka sí olùgbàlejò. Àwọn méjèèjì jẹ́ xenos ara wọn, àjọṣe náà sì lè ti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ewì yìí ní èdè Yorùbá ní láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé nígbà tí Odysseus dárúkọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé 9, ìdí tí ó fi sọ pé òun ń dárúkọ ni kí òun lè jẹ́ xenos wọn bí ilé òun tilẹ̀ jìnnà. Ìlérí ni èyí: bí wọ́n ti ṣe fún un lónìí, òun náà yóò ṣe fún wọn lọ́la. Ọ̀la náà kò dé.

Aeolus àti Alcinous

Kókó àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí wà nínú ìtàn tí Odysseus sọ ní ààfin. Ní òpin Ìwé 8, Alcinous ti sọ tẹ́lẹ̀ pé baba òun, Nausithous, sọ àsọtẹ́lẹ̀ kan: pé Poseidon ń bínú nítorí pé wọ́n ń sin gbogbo ènìyàn délé láìséwu, pé lọ́jọ́ kan yóò fọ́ ọkọ̀ wọn bí ó bá ti ń bọ̀ láti ibi ìsìnlọ, yóò sì fi òkè ńlá bo ìlú wọn. Ọba sọ ọ́, ó sì fi kún un pé òrìṣà lè mú un ṣẹ, ó sì lè má mú un ṣẹ, bí ó bá ti wù ú. Nígbà náà, kò tí ì mọ ẹni tí àlejò jẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú Ìwé 9, Odysseus sọ fún un. Ó sọ bí òun ṣe fọ́ ojú Polyphemus, bí Polyphemus ṣe gbé ọwọ́ sókè tí ó bẹ baba rẹ̀ Poseidon pé kí Odysseus má délé, tàbí bí yóò bá délé, kí ó pẹ́, kí ó sì jẹ́ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ ẹlòmíràn náà kò jìnnà: ọkọ̀ Alcinous ni. Láti ìṣẹ́jú yẹn, àsọtẹ́lẹ̀ baba àti èpè Cyclops ti pàdé ní gbọ̀ngàn kan náà.

Ìwé 10 wá gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Aeolus, olùtọ́jú afẹ́fẹ́, gba Odysseus lálejò fún oṣù kan ní erékùṣù rẹ̀, ó sì di gbogbo afẹ́fẹ́ burúkú sínú àpò fún un. Nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ tú àpò náà, tí ìjì sì gbé wọn padà, Odysseus tún lọ bẹ Aeolus. Aeolus lé e jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé kò tọ́ kí òun ran ẹni tí àwọn òrìṣà kórìíra lọ́wọ́. Ìdí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Bí ọba tí ó ń ro ti ìlú rẹ̀ bá ń wá àwáwí, Odysseus ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e fún un.

Alcinous gbọ́ èyí, kò sì lò ó. Nínú Ìwé 11, nígbà tí ìtàn dúró díẹ̀, Arete ní kí wọ́n tún fi kún ẹ̀bùn àlejò náà, ọba sì fara mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé 13, ó ní kí olúkúlùkù ìjòyè tún fún un ní ìkòkò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan àti agbada kan, ó sì fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ tò wọ́n kí wọ́n má baà dí àwọn atukọ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Homer kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọba. Ó lè ṣeé ṣe kí ẹnìkan jiyàn pé Alcinous kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n akéwì tí ó to àsọtẹ́lẹ̀, èpè àti ìkọ̀sílẹ̀ Aeolus tẹ̀ léra wọn, tí ó sì jẹ́ kí ọba kan náà gbọ́ gbogbo wọn ní alẹ́ kan ṣoṣo, kò ṣe é láìnídìí. Aeolus gba àlejò nígbà tí kò léwu. Alcinous gba àlejò nígbà tí ewu ti jókòó ti àlejò lórí àga. Èyí ni ó mú kí ìgbàlejò Scheria ju ti ibi yòókù lọ, kì í ṣe wúrà ara ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Gbèsè náà Dé

Ọkọ̀ àwọn ará Phaeacia gbé Odysseus tí ó ń sùn dé Ithaca. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ti ń padà sí Scheria, Poseidon fi ọwọ́ lù ú, ó sọ ọ́ di òkúta níwájú ìlú. Alcinous rántí ọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe sin àlejò délé mọ́, kí wọ́n sì fi akọ màlúù 12 rúbọ sí Poseidon, bóyá yóò ṣàánú wọn. Wọ́n dúró yí pẹpẹ ká, wọ́n ń gbàdúrà. Ibẹ̀ ni Homer ti fi wọ́n sílẹ̀. Kò tún padà sọ bóyá òkè bo ìlú tàbí kò bò ó.

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ náà ti fa àríyànjiyàn láti ìgbà àtijọ́. Poseidon kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Zeus. Nínú ẹ̀dà tí ó wọ́pọ̀, Zeus gbà pé kí ó sọ ọkọ̀ di òkúta, kí ó sì fi òkè ńlá bo ìlú. Ṣùgbọ́n Aristophanes ará Byzantium, ọ̀mọ̀wé tí ó jẹ́ alábòójútó ilé-ìkàwé Alexandria, yí ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún “ńlá” sí èyí tí ó dúró fún “má ṣe”. Bí a bá tẹ̀lé e, Zeus gba ti ọkọ̀ ṣùgbọ́n ó dáàbò bo ìlú. Ìyípadà kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn pọ̀. Zeus ni alábòójútó àwọn àlejò. Bí ó bá fọwọ́ sí ìparun ìlú tí ó pa òfin tirẹ̀ mọ́, kí ni èrè ẹni tí ó ń gba àlejò? Ó rọrùn láti rí ìdí tí ìkàwé Aristophanes fi tu ènìyàn nínú. Síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ewì náà kò gbẹ́kẹ̀ lé ìkàwé kan ṣoṣo. Ìkàwé yòówù kí a mú, àwọn ará Phaeacia kò mọ ìdájọ́ náà. Nínú àìmọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà.

Ohun tí ó tún korò jù ni ìṣe àlejò. Ní kété tí Homer fi àwọn tí ń gbàdúrà sílẹ̀, Odysseus jí ní Ithaca. Ìkùukùu tí Athena dà bo ilẹ̀ kò jẹ́ kí ó mọ ilé rẹ̀. Ó rò pé àwọn ará Phaeacia tan òun jẹ, ó ní kí Zeus fìyà jẹ wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀bùn rẹ̀ bóyá wọ́n jí nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó dín. Olùgbàlejò ń san gbèsè, àlejò ń ṣépè fún un. Ní gbogbo ìyókù ewì náà, kò sí ibi tí Odysseus ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ó gbé e délé.

Lẹ́yìn Scheria

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ẹ̀kọ́ ìtàn náà yóò jẹ́ pé kí onílé ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé 14 gba ibòmíràn. Odysseus, tí Athena ti sọ di alágbe arúgbó, dé ahéré Eumaeus, ẹrú tí ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀. Eumaeus gbà á, ó sì sọ pé ọ̀dọ̀ Zeus ni gbogbo àlejò àti alágbe ti ń wá, àti pé ẹ̀bùn tí ó kéré náà wuni. Ọ̀rọ̀ tí Nausicaa sọ ní etí odò nínú Ìwé 6 gan-an nìyí. Ewì náà tún un sọ ní èdè kan náà.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn lè sọ pé àwítúnwí gbólóhùn kò ṣàjèjì nínú irú ewì yìí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àwítúnwí bọ́ sí ní ìtumọ̀. Ọmọ ọba ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ìlú tí wúrà ti pọ̀ bí iyanrìn. Ẹrú ni ó tún un sọ, lẹ́yìn tí ìlú ọmọ ọba ti dẹ́kun sísin àlejò. Kò ní ọkọ̀, kò ní ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì, wáìnì àti aṣọ tirẹ̀ tí ó fi bo àlejò ní òru òtútù ni ó ní. Òfin tí Scheria kò lè pa mọ́ mọ́ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan tí Poseidon lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Scheria kì í ṣe Párádísè, kì í sì í ṣe ìlú àwọn ọ̀tá àjèjì. Ìlú tí ń ṣe àṣìṣe tí ó sì ń tún un ṣe ni. A rí i pé Alcinous gbọ́ ìdí tí Aeolus fi kọ àlejò kan náà, síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́. A sì rí i pé ìyà tí ó tẹ̀lé e kò ní àlàyé tí ó tẹ́ni lọ́rùn nínú ewì náà, àti pé Homer kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń fi Odyssey kọ́ni kò gbọ́dọ̀ fo ìlà bí 60 tí ọkọ̀ náà ti di òkúta nínú Ìwé 13 nítorí pé akọni ti délé. Bí ó bá fò wọ́n, ó ti ka apá òwe tí ó sọ̀rọ̀ ojú àlejò, ó sì ti gbàgbé apá tí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlú kan san gbèsè kí Odysseus tó délé. Ẹni tí ó jẹ́ kí wọ́n jẹ gbèsè náà kò mọ̀. Òǹkàwé nìkan ni ó mọ̀.